BÍ GÁRÉÈJÌ TÍ Ẹ RẸ́ǸTÌ FI Ń KÓ IRÈ OKO PAMỌ́ BÁ Ń JÒ TÀBÍ TÓ Ń RIN

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀gbìn. Ti ibi tí irè ń sùn sí lẹ́yìn tó bá ti kúrò lóko ni.

Láti ìgbà tí owó kòkó ti gbéra, tó fi jẹ́ pé lọ́dún 2024 tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò fẹ́ fi kòkó gbígbẹ sílẹ̀ lábà mọ́ nítorí olè. Owó náà ti wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù olè kò bá a wálẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń kó o wá sáàárín ìlú, wọ́n ń rẹ́ǹtì yàrá, ṣọ́ọ̀bù tàbí gáréèjì fún un. Gáréèjì wu ọ̀pọ̀ ènìyàn torí pé ó fẹ̀, pikọ́ọ̀bù lè fi ẹ̀yìn wọ ẹnu rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì. Ohun tí a kì í rántí ni pé mọ́tò ni wọ́n kọ́ ọ fún. Mọ́tò kì í bu bí ilẹ̀ bá rin. Kòkó ń bu.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí gíréédà bá fẹ́ mọ irú kòkó yín, á ka hóró 300, á fi ọ̀bẹ là wọ́n ní gígùn, á sì wo inú wọn. Kí kòkó tó lè jẹ́ gíréèdì kìíní, èyí tó bu nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 3 nínú 100 lọ, ìyẹn hóró 9 nínú 300. Ti gíréèdì kejì kò gbọ́dọ̀ ju 4 nínú 100 lọ, ìyẹn hóró 12. Tí ó bá di hóró 13, kòkó yín ti jáde kúrò nínú méjèèjì. Hóró 13 kò kún àtẹ́lẹwọ́, ẹ sì ti ṣiṣẹ́ odindi ọdún kan lórí rẹ̀.

Kòkó tó gbẹ dáadáa, omi inú rẹ̀ máa ń jẹ́ bíi 7 sí 7.5 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Tó bá ti kọjá 8, ebu ti ríbi jókòó nìyẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kòkó tí ẹ ti sá gbẹ kò ní dúró bẹ́ẹ̀ bí afẹ́fẹ́ inú ilé bá tutù. Á máa fa omi padà díẹ̀díẹ̀ bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ lákòókò òjò. Òjò kò tilẹ̀ ní láti kán sí i lára.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé kí kòkó rin díẹ̀ kò burú, torí pé á wúwo lórí òṣùwọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Kìlógíráàmù 100 kòkó tí omi inú rẹ̀ jẹ́ 7 nínú 100, bó bá fa omi títí tó fi di 10 nínú 100, bíi kìlógíráàmù 3 péré ló máa fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Nítorí kìlógíráàmù 3, ẹ fi 100 wewu. Àwọn tó ń ra kòkó náà kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n á fún un, bí kò bá ti dún wàrà-wàrà, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó yín.

Ti àgbàdo tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àwa fúnra wa là ń jẹ ẹ́. Lára àwọn ebu tó ń mú àgbàdo tó rin ni àwọn kan wà tó ń ṣe májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Sísè kì í pa á tán, yíyan kì í pa á tán. Lọ́dún 2004, ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ kó àgbàdo tó rin pamọ́ sínú ilé, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ènìyàn 317 ló ṣàìsàn, 125 nínú wọn ló kú. Àgbẹ̀ bíi tiwa ni wọ́n.

Ẹ KỌ́KỌ́ WÁDÌÍ IBI TÍ OMI Ń GBÀ WỌLÉ

Ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé, bí a bá ti rí i pé ilé rin, a ó pe bíríkìlà kó wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri nínú. Owó ti lọ, ilé ṣì ń rin. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ títí ẹ ó fi mọ ọ̀nà tí omi ń gbà.

Bí ó bá jẹ́ òrùlé ló ń jò, ẹ ó rí àmì rẹ̀ lókè: igi òrùlé á ti dúdú, omi á ti fa ilà wálẹ̀ lára ògiri. Ẹ wọlé lọ́sàn-án tí oòrùn mú, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí inú ṣókùnkùn, kí ẹ sì wòkè. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ bí ìràwọ̀ ni omi ń gbà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má bàa di pé káfíńtà ń wá a kiri lórí páànù.

Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ògiri nìkan ló tutù, tí ọ̀dà ń ṣí, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń hù jáde lára rẹ̀ dé bí orúnkún, omi ń gòkè láti inú ìpìlẹ̀ ni. Ìpìlẹ̀ ń fa omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Òrùlé kò mọ̀ sí i.

Ti ilẹ̀ ni kò rọrùn láti fojú rí. Àdánwò rẹ̀ rèé, kò ná yín lówó. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ bí ẹsẹ̀ bàtà méjì ní ìbú àti lóròó, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ gáréèjì tó ti gbẹ lójú, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí omi lábẹ́ ọ̀rá, tàbí tí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ju ti àyíká rẹ̀ lọ, omi ń ti inú ilẹ̀ jáde. Bí ó bá jẹ́ orí ọ̀rá ni ìrì sẹ̀ sí, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló tutù. Àìsí ojú afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ wá nǹkan ṣe sí. Ẹ ṣe é ní ojú méjì mẹ́ta, pàápàá níbi tó sún mọ́ ògiri.

ÒRÙLÉ

Páànù àtijọ́ kì í jò káàkiri bí ẹ ṣe rò. Ojú ìṣó ló sábà máa ń jò. Ìṣó á ti dípẹtà, ihò rẹ̀ á sì ti fẹ̀. Ẹ ní kí káfíńtà yọ ìṣó bẹ́ẹ̀, kó fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i, kó sì gé rọ́bà tíúbù ògbólógbòó róbóróbó sábẹ́ orí ìṣó náà kó tó gbá a wọlé. Kó fi ọ̀dà dúdú tí à ń pè ní kótà bò ó lórí. Orí òkè ìgbì páànù ni ìṣó ń gbé, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀, torí inú kòtò ni omi ń ṣàn gbà. Ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń rí ìṣó inú kòtò tó lágbègbè yìí. Ẹ dúró ti káfíńtà yín.

Ibi tí páànù kan ti gun orí èkejì, kó gun ún tó íǹṣì 6 ó kéré tán. Bí òrùlé bá tẹ́jú jù, íǹṣì 8 ló dára. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ páànù di ajere, ẹ má fi kótà tan ara yín. Páànù tuntun ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Bí òrùlé bá jẹ́ ti asbestos, páànù eérú tó nípọn tí wọ́n lò sí ọ̀pọ̀ ilé láyé ọjọ́un, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn gé e tàbí kó ha á. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tó ń fà sì lè pẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ ọdún kó tó yọjú. Ó tún máa ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bá gùn ún. Kí onílé ló máa wá àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí òrùlé yín kò jò rárá, ṣùgbọ́n tí omi ń kán lórí àpò lówùúrọ̀, páànù ló ń làágùn. Atẹ́gùn gbígbóná inú yàrá ń kan páànù tutù lóru, ó sì ń di omi. Bí ẹ bá ta ẹní tàbí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ páànù, á dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ má ta ọ̀rá síbẹ̀, ọ̀rá náà á làágùn ni.

ẸSẸ̀ ÒGIRI ÀTI ẸNU Ọ̀NÀ

Gáréèjì tó jẹ́ mítà 3 ní ìbú àti mítà 6 ní gígùn, bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, omi tó máa ti orí òrùlé rẹ̀ wálẹ̀ tó lítà 900. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìndínlógójì nìyẹn. Bí kò bá sí gọ́tà, ẹsẹ̀ ògiri yín ni gbogbo rẹ̀ ń dà sí. Kí ẹ tó ronú oògùn kankan fún ògiri, ẹ ta gọ́tà páànù sétí òrùlé, kẹ́ ẹ sì darí omi rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù tàbí sínú gọ́tà àdúgbò. Omi dúrọ́ọ̀mù náà wúlò fún fífọ nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìta. Nínú àwọn ilé tó ti pẹ́, ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, torí pé ọdọọdún ni ọ̀gbàrá ń kó iyanrìn wá, tí pàǹtírí sì ń gorí ara wọn. Ẹ fi ṣọ́bìrì kó o kúrò títí ilẹ̀ ìta yóò fi wálẹ̀ ju ti inú lọ bí íǹṣì 6, kó sì dagun sí ìta. Èyí kò ná yín ju agbára lọ, òun gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ọn torí pé kò jọ iṣẹ́ gidi lójú wa, kì í sì í ṣe ohun tí bíríkìlà máa gbà yín nímọ̀ràn, torí kò sí owó sìmẹ́ǹtì níbẹ̀.

Ojú ibi tí ògiri bá ti là níta, ẹ gbẹ́ ẹ fẹ̀ díẹ̀, ẹ fi omi wọ́n ọn, kẹ́ ẹ sì fi ṣọ́bìrì sìmẹ́ǹtì kan sí iyanrìn mẹ́rin dí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ilé amọ̀, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú lóde tán kẹ́ ẹ ní ó ti parí. Omi inú amọ̀ náà kò ní ríbi jáde mọ́, á máa gòkè lọ ni, lọ́jọ́ kan sìmẹ́ǹtì á ṣí kúrò tòun ti amọ̀. Bákan náà ni ọ̀dà olóròóró tí a fi kun ògiri tó ṣì tutù. Kí ògiri kọ́kọ́ gbẹ. Ó lè gbà á tó ọ̀gbẹlẹ̀ kan.

Ẹnu ọ̀nà gáréèjì tún yàtọ̀ sí ti yàrá. Wọ́n ṣe é ní gbalasa kí táyà lè wọlé, ibòmíràn tilẹ̀ dagun sínú. Ẹ gbẹ́ gọ́tà kékeré kọjá níwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi sìmẹ́ǹtì mọ ìdènà tó ga tó íǹṣì 2 tàbí 3 sí ojú ọ̀nà gan-an. Àpò á gorí rẹ̀ kọjá, omi kò ní lè gorí rẹ̀.

ILẸ̀

Bí àdánwò ọ̀rá bá fi hàn pé omi ń ti ilẹ̀ jáde, ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó lágbára ni kí ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú nínípọn tí àwọn bíríkìlà máa ń tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ilé tuntun, kó gun ògiri yíká tó íǹṣì 6, kí ojú ibi tí ọ̀rá méjì ti pàdé gun ara wọn dáadáa, kẹ́ ẹ wá da kọnkéré íǹṣì 2 sórí rẹ̀. Ó náni lówó, onílé ni yóò sì jogún rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe é láìbá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti ayálégbé. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú náà sílẹ̀ lásán, kẹ́ ẹ kan pẹpẹ pákó lé e lórí, kí pẹpẹ náà ga tó íǹṣì 6 kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó kò lè ní àìrí pákó jẹ́ ìdí, àwọn ilé ìlagi yí wa ká; ẹ̀gbẹ́ igi tí wọ́n là dànù pàápàá tó fún iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, ẹ gbé pẹpẹ yín, ẹ ká ọ̀rá yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un torí pé gáréèjì là ń sọ. Ilẹ̀ tí ọ́ìlì mọ́tò àti bẹntiróòlù ti dà sí fún ọdún púpọ̀ máa ń rùn, kòkó sì máa ń gba òórùn sára bí ẹ̀fọ́ ṣe ń gba èéfín. Ẹ fi ọṣẹ lúlú àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ tó tẹ́ ọ̀rá. Kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì, jẹnẹrétọ̀ àti oògùn apakòkòrò kò gbọ́dọ̀ bá kòkó sùn.

NÍ ÒGÙN WATERSIDE

Ẹ̀yin ará Ìbíadé, Abígi, Ìwópin, Mákùn-Omi àti àwọn ìletò etí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ tiyín lọ́tọ̀. Níbi tí ènìyàn ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì tó ti ń bá omi pàdé, kò sí kọnkéré tàbí kótà tó máa dá omi náà dúró. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti náwó sórí ilẹ̀ rárá. Ẹ ná an sórí gíga. Pẹpẹ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kó ju ojú àmì tí omi dé lára ògiri lọ́dún tí àkúnya pọ̀ jù lọ. Gàrí ẹ máa wà nínú ọ̀rá méjì tí a dì lẹ́nu, kó tó wọ inú àpò. Ẹja gbígbẹ àti kòkó kì í gbé yàrá kan náà. Bí ẹ bá ní ìbátan nílùú tó wà lórí òkè, ẹ kó àgbàdo lọ sọ́dọ̀ wọn kí oṣù kẹfà tó wọlé.

BÍ A ṢE Ń TÒ Ó ÀTI BÍ A ṢE Ń ṢÍ ILÉ

Àpò kò gbọ́dọ̀ fara ti ògiri. Ẹ fi àyè tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sílẹ̀, kí ènìyàn lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá wo ẹ̀yìn. Ibi tí ojú kì í dé ni ebu àti eku máa ń kọ́lé sí.

Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ kùtù nítorí pé ẹ fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ìrì ni ẹ máa gbà wọlé. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, láti bí aago 11 àárọ̀ títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ tì í padà. Lọ́jọ́ òjò, ẹ má ṣí i rárá. Ìgbà ọyẹ́ ni ẹ lè jẹ́ kó ṣí pẹ́.

Obì kò fẹ́ ohun tí kòkó fẹ́. Obì tí a di sínú agbọ̀n pẹ̀lú ewé tútù gbọ́dọ̀ máa rin kó má bàa rọ, omi ara rẹ̀ sì ń jáde sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe méjèèjì, ẹ wá yàrá míràn fún obì.

Bí kòkòrò bá yọ lára àgbàdo, ẹ má fi Phostoxin sínú gáréèjì tó fara ti yàrá tí ènìyàn ń sùn. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, gáàsì rẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti ojú páànù kọjá, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ kàn sí òṣìṣẹ́ OGADEP tó sún mọ́ yín.

Ọ̀RỌ̀ ONÍLÉ

Ẹ má lọ wo gáréèjì nínú ọ̀gbẹlẹ̀ kẹ́ ẹ sì san owó ọdún méjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ padà lọ wò ó lọ́jọ́ òjò. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ wòkè, kẹ́ ẹ sì gbóòórùn. Òórùn ìkásì kì í parọ́. Ẹ bi ẹni tó lò ó ṣáájú.

Bí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀, tí ó ń jò, ẹ pe onílé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ilé yín ni a fẹ́ dáàbò bò, ohun tó ń jẹ kòkó mi ló ń jẹ igi òrùlé yín.” Ọ̀pọ̀ onílé kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á gbà kí ẹ ṣe é kí ẹ sì yọ ọ́ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀. Ìyẹn dára, bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ iye páànù, iye sìmẹ́ǹtì, owó káfíńtà àti iye tí ẹ máa yọ. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí, kí olúkúlùkù mú ẹ̀dà kan. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Onílé lè kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

BÍ OMI BÁ TI BÀ Á

Ẹ kó gbogbo àpò jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tó rin, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ tú u, ẹ sá a padà sórí ẹní tàbí pẹpẹ, kì í ṣe sórí títì. Èyí tó ti bu, ẹ má pò ó mọ́ èyí tó dára torí kẹ́ ẹ lè fi pamọ́ fún gíréédà. Ọ̀bẹ rẹ̀ máa rí i, gbogbo rẹ̀ ló sì máa bà jẹ́.

Fún àgbàdo, ẹ lo iyọ̀ àti ìgò láti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹ bá sá a. Ẹ bu àgbàdo kún ìdá mẹ́ta ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ bíi ṣíbí méjì sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ṣì ju 15 nínú 100 lọ, kò tíì ṣeé kó sínú àpò. Bí kò bá lẹ̀, ẹ ṣì sá a fún ọjọ́ méjì sí i, torí 13 ni a ń wá. Àgbàdo tí ebu aláwọ̀ ewé tàbí dúdú bá ti bò, ẹ má fi bọ́ adìyẹ, ẹ má sì lọ̀ ọ́ mọ́ ògì ọmọdé. Ẹ ri í mọ́lẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ sun ún.